Ojúlówó Tàbí Àfirọ́pò: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ọwọ́ Búréèkì Alùpùpù Mi

Àwọn tó bá rí alùpùpù mi níbi tí mo bá gbé e sí ní Houston sábà máa ń bi mí bóyá ojúlówó láti ọ̀dọ̀ Harley-Davidson ni gbogbo chrome, ìyẹn àwọn irin dídán bíi dígí, tó wà lórí háńdù rẹ̀, tàbí àfirọ́pò tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìdáhùn mi ni pé àdàlù ni, mo sì ní ìdí tí mo fi dà á lù bẹ́ẹ̀. Mo náwó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, mo tú ohun tí mo ti tò tán, kí n tó mọ ibi tó yẹ kí n ti ra ojúlówó àti ibi tí àfirọ́pò kò ti lè pa mí lára. Nítorí ẹni tó ń ronú láti ṣe irú rẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí sílẹ̀.

Heritage Softail ti ọdún 2003 ni alùpùpù náà, ọdún tí Harley-Davidson, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milwaukee ní 1903, pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àlòkù ni mo rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gùn ún lọ sí etíkun Galveston fún ìgbà pípẹ́. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti ibẹ̀ ti jẹ àwọn ohun tó wà lórí háńdù: ọ̀dà dúdú ara ilé súìṣì ti ń ṣí, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti hu ẹfun funfun, ìdérí másítà búréèkì sì ti kún fún àmì wẹ́wẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bó ṣe yẹ, táǹkì rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ibi tí ojú ẹni tó ń gùn ún ń wò jù lọ gan-an ni ó wá burú, n kò sì lè fara dà á pẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò tíì tú háńdù Harley rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ búréèkì iwájú wà pẹ̀lú másítà rẹ̀, ìyẹn agolo kékeré tí epo búréèkì ń gbé inú rẹ̀, tí písítìn kan sì ń ti epo náà lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ilé súìṣì ló tẹ̀ lé e, níbi tí a ti ń tan ẹ́ńjìnnì, tí a ti ń pa á, tí a sì ti ń tẹ tiráfíkétọ̀ apá ọ̀tún. Ní ọwọ́ òsì ni ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti kébù rẹ̀ wà, pẹ̀lú fèrè, súìṣì iná gíga àti iná ìsàlẹ̀, àti tiráfíkétọ̀ apá òsì, nítorí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni Harley máa ń fún ní tiráfíkétọ̀ tirẹ̀. Àwọn ìdìmú wọ̀nyí náà ni díńgí so mọ́. Nígbà tí oníṣòwò bá wá sọ pé òun ní odindi ohun èlò háńdù oní-chrome, gbogbo èyí ni ó kó sínú páálí kan, ohun ẹ̀ṣọ́ àti ohun tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, wọ́n sì jọ ń dán bákan náà.

Lagos ni mo ti kọ́ bí a ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ní Ládípọ̀, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀yà á bi ọlọ́jà bóyá ojúlówó ni tàbí Taiwan, iye owó á sì tẹ̀ lé ìdáhùn náà. Ìmọ̀ yẹn ni mo gbé wá sí Texas, ó sì ṣì mí lọ́nà díẹ̀, nítorí pé ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà àfirọ́pò fún Harley láti ọ̀pọ̀ ọdún, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ojúlówó. Àwọn mìíràn sì wà tí kò sí ohun tó wà lára páálí wọn ju àwòrán alùpùpù àti iye ọdún lọ. Èyí tí mo rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan kò tó ìdajì owó ojúlówó, ó sì pé pérépéré. Mo wo ọdún tí wọ́n kọ sí i, mo rí i pé 2003 wà láàárín rẹ̀, mo sanwó. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ sábẹ́ àwọn ọdún náà, pé alùpùpù onídíìsìkì méjì níwájú ni ó wà fún, ìyẹn èyí tó ní abọ́ irin pẹlẹbẹ méjì tí búréèkì ń dì mú ní ẹsẹ̀ iwájú. Díìsìkì kan ṣoṣo ni Heritage Softail ní níwájú. N kò kọbi ara sí i, nítorí ojú mi wà lára chrome.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ti wáyé kí n tó dé ìdí ìyẹn rárá. Súìṣì kékeré kan wà nínú ilé súìṣì ọwọ́ ọ̀tún tó ń tan iná ẹ̀yìn nígbà tí a bá fa búréèkì iwájú. Ó ní ìka kan tó yọ jáde, tó sì fara ti ọwọ́ búréèkì. Bí ènìyàn bá kàn tú bóòtù tí ó sì fa gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan, ìka yẹn á kán, tàbí kí rọ́bà rẹ̀ ya. Ìwé àtúnṣe tí Harley ṣe sọ ọ́ kedere pé kí á kọ́kọ́ fi ègé páálí tó nípọn tó mìlímítà 4, ìyẹn íǹṣì 5/32, há àárín ọwọ́ búréèkì àti ìdìmú rẹ̀, kí ọwọ́ náà lè dúró ní fífà díẹ̀, kí á tó fọwọ́ kan bóòtù kankan. Mo ní ìwé náà nílé. Ẹ̀yìn tí ìka náà ti kán ni mo tó ṣí i.

Ohun tó burú nínú irú ìbàjẹ́ yìí ni pé kì í fara hàn. Búréèkì ẹsẹ̀ ní súìṣì tirẹ̀, nítorí náà, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, iná tàn, mo sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Alẹ́ kan tí mo ń fi ẹ̀yìn alùpùpù wọ gáréèjì ni mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo fa ti ọwọ́ nìkan, ògiri ẹ̀yìn mi kò pọ́n sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣiṣẹ́ kankan lórí háńdù, mo máa ń gbé ẹ̀yìn alùpùpù dojú kọ ògiri nínú òkùnkùn, n ó fa ti ọwọ́, n ó sì tẹ ti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn tilẹ̀ wá ṣe pàtàkì sí i ní Texas nísinsìnyí, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìpínlẹ̀ náà ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò ọlọ́dọọdún fún àwọn ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ìṣòwò. Kò sí ẹni tí yóò bá yín tẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ti wáyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun èlò tí mo rà gbé súìṣì tirẹ̀ wá, àwọ̀ wáyà wọn kò sì bá èyí tó wà nínú àwòrán ìwé àtúnṣe mu. Nígbà kan, fèrè ni mo tẹ̀, tiráfíkétọ̀ ni ó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gba ènìyàn nímọ̀ràn, n ó ní kí ó ra ilé súìṣì nìkan, ìyẹn èèpo òde tó ń dán, kí ó sì kó súìṣì àti wáyà ti tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá di dandan kí á gé wáyà, kí á má ṣe gé gbogbo wọn ní ojú kan náà. Kí oríkèé ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ, kí á fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí á sì fi rọ́bà tó ń súnkì nínú ooru bò ó. Bí gbogbo oríkèé bá kóra jọ sí ibì kan, wọn á wú, wọn kò ní gba abẹ́ ilé súìṣì kọjá mọ́, ibi tí wọ́n sì ti há ni wáyà á ti bó.

Epo búréèkì ni ohun tí mo ṣọ́ra fún dáadáa, inú mi sì dùn sí i di òní. Lára ìdérí másítà tó bá alùpùpù mi wá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé DOT 5, ìyẹn irú epo búréèkì kan, ni kí á lò. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe DOT 5. DOT 3 àti DOT 4 kò jẹ mọ́ ọn rárá, wọn kì í sì í pò pọ̀. Lára ìdérí ohun èlò tuntun náà, DOT 4 ni wọ́n kọ. Mo pe oníṣòwò, ó ní kí n dà èyí tó bá wù mí, kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Páìpù mi àti kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún páàdì mọ́ díìsìkì, ti kún fún DOT 5 láti ilé-iṣẹ́, DOT 5 náà ni mo sì dà sínú másítà tuntun tí epo kankan kò tíì kàn rí. Ẹ tún kíyè sí i pé DOT 5.1 tí wọ́n ń tà nínú ìgò tó jọ ti DOT 5 kì í ṣe sílíkónì o. Ẹgbẹ́ DOT 4 ni. Nọ́ńbà kékeré tó tẹ̀ lé 5 yẹn ti kó wàhálà bá àwọn tó sáré mú ìgò lórí àtẹ.

Àwọn alùpùpù Harley tó jáde ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tèmi ti bọ́ sórí DOT 4, wàhálà tiwọn sì yàtọ̀. DOT 4 máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nígbà tí omi kò bá tíì wọ inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí òfin béèrè já wálẹ̀ sí 155°C. Ó tún máa ń bó ọ̀dà ara táǹkì bí ó bá ta sí i. Ọdún méjì méjì ni ó yẹ kí á máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2018, Harley pe àwọn alùpùpù kan tí wọ́n ṣe láàárín 2008 sí 2011, tí wọ́n ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá fa búréèkì, padà fún àtúnṣe, nítorí pé epo búréèkì tí wọn kò pààrọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè fi èérí há fáàfù inú ABS. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tú másítà irú àwọn alùpùpù wọ̀nyí, kó rí i gẹ́gẹ́ bí ànfààní láti da epo àtijọ́ nù pátápátá.

Mo lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, mo fi wọ́ṣà tuntun sí ìdí bóòtù páìpù búréèkì, mo fa ọwọ́ búréèkì, ó sì le koko. Inú mi dùn sí líle yẹn, nítorí ohun tí a máa ń bẹ̀rù ni búréèkì tó rọ̀, tó ń rì wọlé. N kò mọ̀ pé líle náà lè jẹ́ àìsàn. Ní òpópónà Westheimer, ọkọ̀ iwájú mi dúró lójijì níbi iná pupa, mo fa búréèkì bí mo ṣe máa ń fà á tẹ́lẹ̀, alùpùpù náà sì ń lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Mo fi gbogbo agbára ọwọ́ mi fún un, mo tẹ ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀, ó fì sí òsì, ó fì sí ọ̀tún, mo sì dúró nígbà tí àlàfo tó kù láàárín èmi àti ọkọ̀ náà kò tó nǹkan. Ara mi ń gbọ̀n. Awakọ̀ iwájú kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn kó tó wá tẹ̀dó síbí. Wọ́n fa ọwọ́ búréèkì, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ másítà, wọ́n sì rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: 11/16.

“Àbúrò, díìsìkì mélòó ló wà níwájú alùpùpù rẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ni.”

“Ta ló wá ní kí o gbé másítà onídíìsìkì méjì lé e?”

N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí bébà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi sọ́kàn, nítorí ẹni tó bá lóye rẹ̀ kò ní ra másítà nítorí dídán mọ́. Ihò tí písítìn ń gbà nínú másítà onídíìsìkì kan ti àwọn ọdún yẹn jẹ́ íǹṣì 9/16, nǹkan bíi mìlímítà 14.3, ti onídíìsìkì méjì jẹ́ íǹṣì 11/16, nǹkan bíi mìlímítà 17.5. Lójú, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ojú písítìn ni agbára ọwọ́ ń pín sí, ojú náà sì máa ń fẹ̀ ju bí ihò ṣe ń fẹ̀ lọ: ojú písítìn ńlá yẹn tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti kékeré. Kí epo tó lè ti páàdì pẹ̀lú agbára kan náà, ọwọ́ mi ní láti fún búréèkì ní agbára ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ní ti onídíìsìkì méjì, kò burú, nítorí epo púpọ̀ ni kálípà méjì ń fẹ́, písítìn ńlá ló sì lè tì í dé ibẹ̀. Lórí tèmi, ńṣe ni ó dà bí ẹni ń fi ọ̀pá kúkúrú gbé òkúta. Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe, tí mo gbé 9/16 lé díìsìkì méjì, ọwọ́ búréèkì ì bá máa wọlé jìnnà kó tó mú.

Ẹ̀gbọ́n kò dúró níbẹ̀. Wọ́n gbé iwájú alùpùpù sókè, wọ́n yí táyà, ó ń ha díẹ̀. Chrome ni ó fà á. Àwọn tó ṣe ọwọ́ búréèkì náà kò dí ihò tí píìnì rẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó rì í sínú omi chrome, nítorí náà ihò náà ti fún, ọwọ́ náà kì í sì í padà sí àyè rẹ̀ tán. Bí písítìn kò bá padà tán, ihò kékeré tí epo ń gbà padà sínú agolo kò ní ṣí. Epo tó gbóná tó sì wú kò ní rí ibi lọ, yóò máa ti páàdì mọ́ díìsìkì bí ènìyàn ti ń lọ. Ooru á máa pọ̀ sí i, búréèkì á máa mú ara rẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn tó bá béèrè pé, kí ẹ tó fi páìpù sí másítà èyíkéyìí, ẹ so ọwọ́ búréèkì mọ́ ọn, ẹ fà á, ẹ sì tú u sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀, kó sì kan ìdí. Bákan náà ni ti kílọ́ọ̀ṣì: ìwé àtúnṣe ní kí àlàfo láàárín orí kébù àti ìdìmú rẹ̀ wà láàárín íǹṣì 1/16 sí 1/8, ṣùgbọ́n bí ihò píìnì ọwọ́ náà bá gbòòrò jù, kò sí bí ẹ ṣe lè wọn àlàfo náà kó dúró.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo pín ẹrù náà sí méjì. Ohunkóhun tó bá di epo búréèkì mú, tó bá fa kébù, tàbí tó jẹ́ bóòtù tó so wọn mọ́ háńdù, ojúlówó ni mo rà: másítà 9/16, ọwọ́ búréèkì, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti píìnì wọn. Ó dùn mí nígbà tí mo sanwó rẹ̀, nítorí owó àkọ́kọ́ ti lọ. Ohunkóhun tó jẹ́ èèpo lásán, àfirọ́pò ni mo fi sílẹ̀: ilé súìṣì, ìdérí másítà àti díńgí. Lójú òòrùn, ẹnikẹ́ni kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìdérí nìkan ni mo ṣe ohun kan sí: mo lẹ àkọlé DOT 5 mọ́ ọn, nítorí ẹni tó bá ra alùpùpù náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú yóò gba ohun tó bá kà lórí rẹ̀ gbọ́.

Ní ti chrome fúnra rẹ̀, ohun tí ojú ń rí kò ju awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ, tí kì í sábà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Nickel tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó nípọn jù ú lọ fíìfíì, ni ó ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Ibi tí nickel bá ti fẹ́lẹ́ ni iyọ̀ á ti gba inú ihò wẹ́wẹ́ wọlé, chrome á wú, á sì bó. Etí chrome tó ti bó mú bí abẹ, ó sì lè gé ìka ẹni tó ń fa ọwọ́ búréèkì láìwọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń rà, ẹ má wo iwájú tó ń dán. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn, inú igun àti etí ihò bóyá ó dé ibẹ̀ tàbí ó ti pupa. Bí mo bá ti Galveston dé, omi tútù ni mo kọ́kọ́ ń fi ṣan háńdù náà kí n tó wọlé. Èyí tó jẹ́ àfirọ́pò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì díẹ̀ ní abẹ́ ilé súìṣì ọwọ́ òsì, kò sì dà mí láàmú, nítorí kò gbé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dání.

Àwọn tó ra alùpùpù tuntun sábà ń bẹ̀rù pé àfirọ́pò yóò fagi lé àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1975, tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss, kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi dandan lé e pé ẹ̀yà tiwọn nìkan ni kí á lò kí àdéhùn náà tó dúró. Ní 2022, àjọ FTC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣòwò pàṣẹ fún Harley-Davidson pé kí ó ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àdéhùn rẹ̀ lórí èyí gan-an. Ṣùgbọ́n bí másítà àfirọ́pò bá jò, tí epo rẹ̀ sì ba nǹkan mìíràn jẹ́, wọn kò ní san owó ìyẹn fún yín, òfin náà kò sì ní kí wọ́n san án.

Másítà 11/16 yẹn kò ṣòfò. Ọkùnrin kan tó ní Road King, irú Harley mìíràn, ti ọdún tó sún mọ́ tèmi, onídíìsìkì méjì níwájú, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, a jọ wo nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, a jọ ka ìdérí másítà tirẹ̀ láti mọ epo tó ń lò, mo sì tà á fún un láìfi ọwọ́ búréèkì tó bá a wá kún un. Ó béèrè bóyá n kò lè fi ọwọ́ náà ta á lọ́rẹ, nítorí ó ṣì ń dán. Mo ní rárá, mo sì fi ayùn gé e sí méjì kí n tó sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíràn má baà rí i he.